Nígbà Tí Òṣèré Pọ̀ Tí Eré Ò Dùn: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tó Fẹ́ Mọ Fíìmù Wò

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ bí a ti ń ṣe lámèyítọ́ eré ní agbègbè wa yìí ní Èkó, láti Kétu dé Ìkòsì títí wọ Máìlì 12, orí ìjákulẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tòní dá lé. Kò sí ẹni tó ń wo fíìmù tí irú rẹ̀ kò ṣe rí. Èèyàn á ra síídì, á rí ojú òṣèré mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lára páálí rẹ̀, gbogbo wọn àgbà ọ̀jẹ̀. Á jókòó tì í láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á sì dìde láìmọ ohun tí wọ́n ń bá a sọ gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn ní, "Fíìmù yẹn ò dáa," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ di onílámèyítọ́ kò gbọdọ̀ parí tirẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tọ́ka sí ibi tí eré náà ti bàjẹ́, kó sì sọ ohun tó bà á jẹ́.

Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nínú ẹ̀kọ́ yìí. Nínú eré tí òṣèré pọ̀ sí, kì í ṣe pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ ló ń ba eré jẹ́, bí kò ṣe pé ohun tí ẹnìkan ṣe kò kan ẹnìkejì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú eré tí à ń sọ. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, olú ẹ̀dá ìtàn kan ló wà. Òun là ń tẹ̀ lé, ayọ̀ rẹ̀ ni ayọ̀ wa. Ṣùgbọ́n eré kan wà tí kò fi ẹnìkan ṣe olú. Ìdílé kan, àdúgbò kan, ààfin kan tàbí ibi iṣẹ́ kan ló fi ṣe ìtàn, èèyàn bíi mẹ́fà sí mẹ́wàá á sì jọ pín in gbé. Eré bẹ́ẹ̀ ṣòro láti kọ, ó sì ṣòro láti darí. Bí ó bá bọ́ sí i, adùn rẹ̀ kì í tán lẹ́nu. Bí kò bá bọ́ sí i, ariwo ló máa ń dà.

Pípọ̀ tí èèyàn ń pọ̀ nínú eré Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1945 ni Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ la rí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládiípọ̀, Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Inú ọkọ̀ kan náà ni ẹgbẹ́ ń wọ̀ láti ìlú dé ìlú. Wọ́n jọ ń jẹun, wọ́n jọ ń sùn, wọ́n sì jọ ń kọ́ eré. Àwọn ìyàwó Ògúndé pàápàá wà lára àwọn òṣèré rẹ̀. Èèyàn lè pọ̀ lórí ìtàgé lóòótọ́, ṣùgbọ́n olúkúlùkù mọ ibi tí ẹnìkejì yóò gbà yọ àti ohun tí yóò sọ bó bá yọ. Nígbà tí Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún ní 1976, tí Ògúndé náà sì gbé Aiyé jáde ní 1979, àwọn tó ti mọwọ́ ara wọn lórí ìtàgé ló pọ̀ nínú àwọn tó wá dúró níwájú kámẹ́rà.

Ayé yí padà nígbà tí fídíò dé. Lóde òní, òṣèré ńlá lè wá síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kó ṣe tirẹ̀, kó gba owó rẹ̀, kó kọjá síbi iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó yẹ kó jẹ́ àbúrò rẹ̀ nínú ìtàn lè má tíì dé nígbà tí ó ń lọ. Kò sí ẹ̀bi nínú kí èèyàn ṣiṣẹ́ kó gba owó. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó kọ ìtàn kò bá so àwọn ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ pọ̀ dáadáa kí wọ́n tó gbé kámẹ́rà, kò sí ohun tí yóò so wọ́n pọ̀ mọ́.

Síídì fúnra rẹ̀ tún fi kún ìṣòro náà. VCD tí a fi ń wo eré nílé kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ. Fíìmù tó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ di síídì méjì, ibẹ̀ ni Apá Kìíní àti Apá Kejì ti gbilẹ̀. Oníṣòwò tó rí i pé èèyàn máa ra méjèèjì á fẹ́ kí ìtàn gùn. Ọ̀nà tó yá jù láti mú ìtàn gùn ni kí a fi èèyàn kún èèyàn: ẹ̀gbọ́n kan láti òkè òkun, ọ̀rẹ́ kan tó ní wàhálà nílé ọkọ, pásítọ̀ kan, lọ́yà kan. Ojú wọn tún wúlò lára páálí, torí ẹni tó ń wo àtẹ síídì lẹ́bàá ọ̀nà, ojú tó bá mọ̀ ló ń fà á mọ́ra. Ohun tó ń ta ọjà lè máa pa ìtàn.

Kí wá ni èèyàn púpọ̀ ń ṣe nínú ìtàn tó dára? Ẹ wo ọjà Máìlì 12 tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa yìí. Ní ìparí oṣù kejì ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ oúnjẹ tó ń bọ̀ láti Òkè Ọya dúró, wọn ò jẹ́ kó wọ ìhà Gúúsù. Awakọ̀ tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà ò mọ ìyá tó ń lọ ata ní Ìkòsì. Ìyá tó ń lọ ata ò mọ alábàárù tó ń ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì nínú ọjà. Alábàárù ò mọ ìyá olóúnjẹ ní Alápẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ò dé, ẹrù ò sí fún alábàárù láti rù, tòmátì di góòlù, iṣẹ́ ẹ̀rọ ata dín kù, ọbẹ̀ ìyá olóúnjẹ sì ṣàn tàbí kó wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ya fíìmù nípa ọjọ́ wọ̀nyẹn lè fi èèyàn mẹ́wàá sí i, kò ní sú ẹnikẹ́ni, nítorí ohun kan náà ló ń ti gbogbo wọn. Bí ọ̀kan bá mì, gbogbo wọn á mì. Bí eré ọlọ́pọ̀ òṣèré ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wo irú eré bẹ́ẹ̀, ẹ mú ìwé àti bírò dání. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń yọ, kẹ́ ẹ sì bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin nípa rẹ̀.

Ìkíní: kí ló ń fẹ́? Ẹni tí kò fẹ́ nǹkan kan kò lè gbé ìtàn, bó ti wù kí aṣọ rẹ̀ dára tó.

Ìkejì: kí ló ń dí i lọ́wọ́? Ìfẹ́ tí kò bá ìdènà pàdé, ìròyìn lásán ni.

Ìkẹta: ta ni ohun tó ṣe kàn? Bí ó bá jalè, bí ó bá purọ́, bí ó bá sá kúrò nílé, ẹ wò ó bóyá ẹlòmíràn nínú eré náà ní láti yí ìgbésẹ̀ rẹ̀ padà nítorí rẹ̀.

Ìkẹrin ló le jù: bí a bá yọ ọ́ kúrò, kí ni yóò wó nínú ìtàn? Bí kò bá sí ohun tó wó, a jẹ́ pé kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ òṣèré tó gbajúmọ̀ jù ní ilẹ̀ Yorùbá ló ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè wọ̀nyí wọn fíìmù kan tó yege. Ọdún 1999 ni Túndé Kèlání gbé Ṣaworoidẹ jáde. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀. Èrò ò kéré nínú rẹ̀: ọba, olorì, ìjòyè, onílù, ọ̀dọ́, ológun, àwọn tó ń gé igi gẹdú. Ìlú Jogbo ni ìtàn ti ṣẹlẹ̀. Lápitẹ́, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fẹ́ jọba, ṣùgbọ́n kò fẹ́ gba gbẹ́rẹ́ tí ọba Jogbo gbọ́dọ̀ gbà, torí ó fẹ́ ríbi kówó jọ láìsí ohun tó dè é. Gbogbo ohun tó kù wá láti inú kíkọ̀ yẹn. Nítorí pé kò gba gbẹ́rẹ́, ìlù Ṣaworoidẹ di ohun ẹ̀rù fún un, nítorí ẹni tó bá dé adé láìgba gbẹ́rẹ́, bí wọ́n bá lu ìlù náà, ikú ni. Nítorí ìyẹn, onílù di ẹni tí wọ́n ń lé kiri. Nítorí pé kò sí ohun tó de ọba, òun àti àwọn ìjòyè rí àyè ta igbó ìlú fún àwọn agégẹdú. Nítorí igbó tí wọ́n tà, àwọn ọ̀dọ́ gbaná jẹ. Nígbà tí Lágàta ológun, tí Kúnlé Bámtẹ́fà ṣe, wá fipá gba orí ìtẹ́, ìlù tí Lápitẹ́ ń sá fún náà ló mú un.

Ẹ dán ìbéèrè kẹrin wò níbẹ̀. Bí ẹ bá yọ onílù, kò sí ẹni tí yóò lu ìlù, Lágàta á sì jọba gbó. Bí ẹ bá yọ àwọn agégẹdú, ìbínú àwọn ọ̀dọ́ kò ní ìdí. Ọ̀pálábá pàápàá, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe, tó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ nìkan ló ń sọ, òun ló ń jẹ́ kí àwa òǹwòran mọ ohun tí ìlú mọ̀ tí ààfin ò fẹ́ gbọ́. Kò sí ẹni tí a lè yọ níbẹ̀ láìjẹ́ pé nǹkan wó.

Ẹ wá jẹ́ ká wo èyí tí kò yege. Mi ò ní dárúkọ fíìmù náà, torí ẹ̀kọ́ la fẹ́ kọ́, a ò fẹ́ fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín. Ní Kétu ni mo ti rà á lórí àtẹ, mo sì wò ó nílé. Bàbá olówó kan kú ní Èkó, ó fi ọmọ mẹ́fà àti ilé ńlá kan sílẹ̀. Àwọn ọmọ kóra jọ fún ìsìnkú, ìjà ogún sì bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tó ṣeé gbọ́ nìyẹn. Ó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ láàárín wa. Àwọn òṣèré náà mọ iṣẹ́ wọn. Kí ló wá bà á jẹ́?

Ìran kan wà ní Apá Kìíní tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú inú wò. Ọmọbìnrin kẹta dúró ní ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́ tí àwọn àlejò fi jẹun. Fóònù rẹ̀ dún lórí tábìlì. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo orúkọ tó yọ, ó nu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sára ìró, ó sì dojú fóònù náà délẹ̀ láìgbé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó ní, "Ta ló ń pè ọ́?" Ó dáhùn pé, "Kò sẹ́nì kankan, Bọ̀dá mi." Fóònù tún dún. Kò wẹ̀yìn. Ó kàn ń fọ abọ́ kan náà tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ lọ. Òṣèré náà ò sọ ju gbólóhùn kan lọ, síbẹ̀ gbogbo ara la fi mọ̀ pé nǹkan ńlá ń lé ọmọ yìí. Eré gidi nìyẹn.

Ṣùgbọ́n fóònù yẹn ò dún mọ́ títí eré fi parí. A ò mọ ẹni tó ń pè. A ò mọ̀ bóyá gbèsè ni, tàbí ọkùnrin, tàbí àìsàn. Mo dá síídì padà sẹ́yìn láti wò ó bóyá ohun kan fò mí, kò sí. Ẹni tó kọ ìtàn ṣèlérí, kò san án. Ẹ kọ irú èyí sílẹ̀ nínú ìwé yín: ìlérí tí a kò mú ṣẹ. Òun ni àléébù àkọ́kọ́ tí eré ọlọ́pọ̀ òṣèré máa ń ní, torí bí okùn bá ti pọ̀ jù lọ́wọ́, èyí tó bọ́ sílẹ̀ kì í tètè hàn sí ẹni tó dì í mú.

Àléébù kejì ni kí àwọn ẹ̀dá ìtàn máa sọ ohun tí wọ́n ti jọ mọ̀ fún ara wọn. Nínú fíìmù yìí, àkọ́bí jókòó síwájú àwọn àbúrò rẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé òun ni àkọ́bí bàbá wọn, pé òun ti wà ní London láti ìgbà pípẹ́, pé òun ló san owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn. Ta ni nínú wọn ni kò mọ̀? Àwa òǹwòran ló ń bá sọ̀rọ̀. Olúkúlùkù ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sì ní ìran tirẹ̀ tó ti ṣe irú àlàyé bẹ́ẹ̀. Ìsọ̀rọ̀ǹgbèsì tó dára máa ń jẹ́ kí a mọ irú àjọṣe tó wà láàárín èèyàn méjì láti inú bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn, ẹni tó ń dákẹ́ fún ẹni, àti ẹni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni.

Àléébù kẹta ni ojútùú òjijì. Nígbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, lọ́yà kan tí a ò rí rí wọlé pẹ̀lú ìwé ìhágún, ó kà á, ìjà sì parí. Kò sí ọmọ kankan nínú wọn tó ṣe ohun tó fa òpin yẹn. Ẹ fi ìbéèrè kẹrin wọn àkọ́bí tó ti London dé: bí a bá yọ ọ́, lọ́yà ṣì ń bọ̀. Bí a bá yọ èyí tó jẹ́ pásítọ̀, lọ́yà ṣì ń bọ̀. A lè yọ mẹ́rin nínú mẹ́fà kí òpin eré má yí padà. Ibẹ̀ ni fíìmù náà ti já mi kulẹ̀, ó sì dùn mí gan-an nítorí ọmọbìnrin ilé ìdáná yẹn.

Kẹ́ ẹ má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú àléébù báyìí ti ń ṣẹlẹ̀. Fíìmù Crash tí Paul Haggis darí nípa ìlú Los Angeles gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù tó dára jù ní 2006. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onílámèyítọ́ sọ pé àkọsẹ̀bá inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ọlọ́pàá kan dójú ti obìnrin kan lójú pópó. Nínú ìlú tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, òun náà ló tún wá yọ obìnrin kan náà nínú ọkọ̀ tó fẹ́ gbiná lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan rí i gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń múni lọ́kàn. Àwọn kan ní ọwọ́ òǹkọ̀wé ti hàn jù. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé ẹ̀bùn kò parí àríyànjiyàn. Ẹ tún wo Nashville tí Robert Altman darí ní 1975. Èèyàn mẹ́rìnlélógún ló pín ìtàn rẹ̀ gbé láàárín ọjọ́ márùn-ún, orin àti òṣèlú sì ń fà wọ́n bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo wọn fi péjọ síbi ìpàdé òṣèlú kan tí ìbọn ti dún. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀ ju ti fíìmù ìjà ogún yẹn lọ, síbẹ̀ ìtàn rẹ̀ kò tú.

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí wíwo eré nílé. Ẹ má ṣe fi ẹ̀bi ẹ̀rọ di ẹ̀bi eré. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní àárín ìran, tí ẹ wá lọ tan jẹnẹrétọ̀, ohun tó bá fò yín kì í ṣe ẹ̀bi olùdarí. Bí síídì bá ń há, tí ohùn ń já, ẹ nù ún, ẹ tún un wò. Bí ó bá jẹ́ ayédèrú lẹ rà, irú èyí tí wọ́n kó fíìmù púpọ̀ sórí síídì kan, àwòrán rẹ̀ á ti ṣú, wọ́n sì lè ti gé apá kan kúrò. Ẹ ò lè dájọ́ fún iṣẹ́ kámẹ́rà lórí irú èyí, ẹ sì tún ń jẹ ẹni tó ṣiṣẹ́ ní gbèsè. Ẹ rántí Ọ̀run Móoru tí Bàbá Sàlá ṣe ní 1982: àwọn tó ń ṣe ayédèrú tú u tà, owó ńlá tó fi ṣe é sì wọmi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ ra ojúlówó, kó sì wo ara páálí fún àmì àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, èyí tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀. Ibẹ̀ náà ló ti máa mọ̀ bóyá eré náà yẹ fún ọmọdé inú ilé.

Síídì sì ní àǹfààní tí ilé sinimá ò ní: rìmóòtù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ́kọ́ wo eré náà lẹ́ẹ̀kan láìdá a dúró, kẹ́ ẹ lè mọ bó ṣe rí lára yín. Nígbà kejì, ẹ máa dá a dúró. Ẹ padà síbi tí ọkàn yín ti kọ́kọ́ kúrò nínú eré, kẹ́ ẹ wo ìran tó ṣáájú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀bi máa ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ pa ohùn, kẹ́ ẹ wo ojú òṣèré lásán. Nígbà mìíràn, òṣèré á ti ṣe tirẹ̀ yanjú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún un ni kò ràn án lọ́wọ́. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ìyàtọ̀ yìí kẹ́ ẹ tó bú òṣèré.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ èrò yín sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó kúrú. Ẹ sọ ohun tí eré náà fẹ́ ṣe. Ẹ sọ ìran kan tó dára, kẹ́ ẹ ṣàpèjúwe rẹ̀ débi tí ẹni tí kò wò ó yóò fi rí i. Ẹ sọ àléébù tó burú jù, ẹyọ kan, pẹ̀lú ẹ̀rí. Ẹ wá dájọ́. Ẹ má fi èébú kún un. Ẹni tó ya fíìmù fi owó àti oorun rẹ̀ sí i, òtítọ́ tó wúlò ni gbèsè tí ẹ jẹ ẹ́.

Iṣẹ́ tí mo fún yín nìyí. Ẹ wá fíìmù kan nílé tí òṣèré pọ̀ sí tí kò dùn mọ́ yín, ẹ tún un wò, kẹ́ ẹ fi ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ẹ rò pé ó yẹ kí wọ́n yọ, àti ẹnì kan tó yẹ kí wọ́n fún láyè sí i. Láàárín yín ni àwọn tí yóò kọ fíìmù lọ́la yóò ti jáde. Ẹ kọ́ láti máa bèèrè ìbéèrè wọ̀nyí lọ́wọ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn báyìí, kẹ́ ẹ sì má ṣe dá iṣẹ́ ti yín sí nígbà tó bá kàn yín.